Àlọ àti Àbọ̀ Àrán

Ìrépé aṣọ ló kọ́kọ́ bá mi jà nílé ọkọ. Agbo ilé àwọn aránṣọ ni wọ́n fẹ́ mi sí ní Bẹyẹrunkà, àwọn tó ti ń rán agbádá àti dàńdógó fún àwọn ìjòyè Ìbàdàn láti ìgbà tí ogun ṣì ń gbé wọn ròde. Nígbà tí mo fi dé ibẹ̀, ogun ti parí, òyìnbó ajẹ́lẹ̀ ti wà lórí òkè tirẹ̀, ọkọ̀ ojú irin sì ti ń kó ẹrù dé láti Èkó. Àwa ìyàwó ilé la máa ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn ọkùnrin ti ń ṣiṣẹ́. Àràárọ̀ ni mò ń kó ìrépé kún agbọ̀n, inú á sì máa bí mi. Kì í ṣe ìrépé bíńtín o! Òmíràn tóbi tó ohun tí wọ́n lè fi rán ẹ̀wù fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Àkìtàn ni wọ́n ní kí n máa dà á sí.

Ilé ẹlẹ́kọ ni wọ́n bí mi sí ní Ìdí Arẹrẹ, ìyá mi kì í sì í fi ewé ṣeré. Bí ewé bá fẹ̀, á dá a sí méjì. Bó bá rí ṣóńṣó lókè tó fẹ̀ nísàlẹ̀, á dorí ọ̀kan kọ ìdí èkejì kó tó gé e, kí ibi tó fẹ̀ lára ọ̀kan lè jókòó ti ibi tó tín-ín-rín lára èkejì. Ẹni tó bá ya ewé dànù nílé wa, ìgbájú ni yóò fi ṣe oúnjẹ àárọ̀. Nítorí náà, bí mo bá rí òfì tí èèyàn fi ọjọ́ púpọ̀ hun tó ń lọ sákìtàn, ṣe ló ń rí lójú mi bí ẹni ń da oúnjẹ nù. Mo sì lẹ́nu. Mi ò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni nípa ìyẹn. N kò tíì lò tó oṣù mẹ́ta nílé náà tí mo fi bi ọkọ mi pé, "Ṣé aṣọ lẹ̀ ń rán ni, àbí ẹ̀ ń fi aṣọ bọ àkìtàn?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Òun gan-an ló ń gé aṣọ. Àwọn yòókù ń rán, wọ́n sì ń fi òwú ṣe ọnà sí ọrùn ẹ̀wù. Àlùmọ́gàjí kan ṣoṣo, irin ńlá tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn Gàǹbàrí, ló wà fún gígé. Baálé, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, ló fi lé e lọ́wọ́. Ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni igbákejì Baálé nídìí iṣẹ́, gbogbo ilé sì mọ̀ pé òun ni yóò jókòó sípò Baálé bó bá dọjọ́ iwájú. Òfin kan wà nídìí irin náà: bí ẹni tó ń gé bá ti ní "Bísímílà", kálukú á pa ẹnu mọ́. Kò sí ẹni tó tún gbọ́dọ̀ ní kó dúró, nítorí wọ́n ní àlùmọ́gàjí tí èèyàn bá dá dúró lẹ́yìn orúkọ Ọlọ́run, ibi ni yóò gé.

Àṣé ìrépé tó ń bí mi nínú yẹn nídìí. Ọkọ mi kì í ṣe onínàákúnàá. Ojú rẹ̀ ló ń ṣe bàìbàì. Èmi nìkan ló sọ fún, ìyẹn náà sì jẹ́ lẹ́yìn tí mo rí i tó ń fọwọ́ wá ife omi tó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Ó ní òun kò rí etí aṣọ dáadáa mọ́, ẹ̀rù sì ń ba òun kí òun má gé apá ẹ̀wù kúrú, nítorí náà òun a máa gé e ní gbẹ̀fẹ́. Gbẹ̀fẹ́ yẹn ni wọ́n ń gé kúrò nígbà rírán, òun ló ń di ìrépé, aṣọ kì í sì í tó ìyókù ẹ̀wù mọ́. Àwọn oníbàárà ti ń kùn. Ẹ sì mọ bí aráyé ṣe ń wo aránṣọ: bí aṣọ kò bá tó, wọ́n á ní ó jí i ni. Agbádá ẹnìkan ti há lápá kan, ti ẹlòmíràn mọ sí orúnkún. Baálé pè é lọ́jọ́ kan lójú gbogbo wa, ó ní, "Bí aṣọ ẹlòmíràn bá tún bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, màá gba àlùmọ́gàjí mi."

Ẹ gbọ́ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún wa. Ọkọ mi kò mọ ọ̀nà oko. Bí wọ́n bá gba gígé lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò ní kó máa rán bíi ti àwọn yòókù, ìgbà tí kò bá sì lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, àṣírí yóò tú. Ta ló ń fi afọ́jú ṣe baálé aránṣọ? Ẹ̀rù bà mí.

Ìgbà náà ni mo ní kó jẹ́ kí n bá a to bí yóò ṣe gé aṣọ. Ó wò mí títí. "Ìyàwó, o ò mú àlùmọ́gàjí rí láyé rẹ."

"Ta ló ní kí ẹ gbé àlùmọ́gàjí fún mi? Ẹ ṣáà sọ bí apá ṣe gùn tó, bí ẹ̀gbẹ́ ṣe fẹ̀ tó. Ewé ni n ó fi tò ó."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́sàn-án, nínú yàrá wa, a óò ti ilẹ̀kùn. Ìgbọ̀nwọ́ aṣọ kan di oríkèé ìka kan lára ewé. N ó fi ewé gé àárín ẹ̀wù, n ó gé apá méjèèjì, n ó gé ẹ̀gbẹ́ àti àpò, n ó wá tẹ́ ewé gbọọrọ mìíràn sílẹ̀ bí ìgàn aṣọ, n ó sì máa to àwọn kékeré sórí rẹ̀. Èyí tó tóbi jù ni n ó kọ́kọ́ tò. Àpò á wọ abẹ́ ihò apá. Apá kan á dojú sókè, èkejì á dorí kodò tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ìyá mi ṣe ń ṣe ewé ẹ̀kọ. Bó bá ti pé, n ó kà á fún ọkọ mi: ìgbọ̀nwọ́ mẹ́rin láti etí, kí ẹ yà sọ́tùn-ún, ìgbọ̀nwọ́ méjì. Á kọ́ ọ sórí, á lọ fi ẹfun fa ìlà sórí aṣọ, á sì gé e. Ohun tí kò rí, orí rẹ̀ ń rí i.

Mo tún sọ fún un pé kí wọ́n yéé gé ẹ̀wù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí iṣẹ́ bá ṣe wọlé. Bí irú aṣọ kan náà bá dé lọ́wọ́ oníbàárà kan fún ẹ̀wù mẹ́ta, kí wọ́n to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, nítorí àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ dàńdógó ni ṣòkòtò ọmọdé yóò ti jáde. Kò pẹ́ tí agbọ̀n ìrépé fi ń fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Baálé fúnra rẹ̀ yọjú wo agbọ̀n náà láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó tún yọjú wo àkìtàn, bóyá ẹnìkan ti dà á nù. Ó wá gbá ọkọ mi léjìká, ó ní ọwọ́ rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò. Inú mi dùn, orí mi sì wú. Mo ń rìn láàárín àwọn ìyàwó ilé bí ẹni pé èmi ni mo bí gbogbo wọn. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí òwe nígbà tí nǹkan bá ń dùn?

Bí Iléyá ọdún kan ṣe ń bọ̀, ìjòyè kan láti ẹ̀bá òkè Mápó gbé ìgàn àrán pupa kan wá. Ọkọ̀ ojú irin ló bá a gbé e láti Èkó. Àrán tó nípọn, tó ń dán, tó rọ̀ lọ́wọ́ bí etí ọmọ ewúrẹ́. Ó fẹ́ dàńdógó fún ara rẹ̀ àti agbádá fún àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà méjì, tí wọn yóò jọ gun ẹṣin lọ sí Yídì. Baálé fi ìgbọ̀nwọ́ wọn aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó mi orí. Ó ní yóò tó dàńdógó àti agbádá kan, ó kù díẹ̀ káàtó fún èkejì.

Ìjòyè ní òun kò ní mú ọmọ kan kí òun fi ìkejì sílẹ̀. Irú àrán náà kò sì sí ní Ọjà'ba, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bí òmíràn ṣe lè dé láti Èkó kó tó di ọdún. Baálé ti fẹ́ ká aṣọ náà padà fún un. Ni ọkọ mi bá ní, "Yóò tó, Bàbá."

Baálé wò ó. "Ẹnu ara rẹ lo fi sọ ọ́ o."

Ó wọlé wá bá mi, ó ní, "Ìyàwó, mo ti fi ọ́ yangàn." Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi to ewé. Ibi yòówù kí n to ó gbà, apá ọ̀tún dàńdógó ìjòyè ló máa ń ṣẹ́kù síta. Mo kígbe mọ́ ewé. Mo kígbe mọ́ ọkọ mi. Ní ọjọ́ kẹta, mo yí apá náà, mo dorí rẹ̀ kodò láàárín ẹ̀gbẹ́ méjì, ó sì wọlé wẹ́kú! Mo dìde, mo jó yí yàrá ká.

Ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e la gé e. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣókùnkùn. Àwọn ọkùnrin ti lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí Ọjà'ba, òjò sì dá wọn dúró síbẹ̀. Àwa méjèèjì la wà nílé, mo bá a di etí àrán mú. Ó ti fa ìlà ẹfun tán sí ẹ̀yìn aṣọ. Ó wá yí etí rẹ̀ kan padà, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sórí rẹ̀, ó fi lọ, ó fi bọ̀. Ó tún fi lọ, ó tún fi bọ̀.

"Ìyàwó, àrán yìí ní àlọ àti àbọ̀."

"Ibo ló ń lọ? Ṣé Èkó ló tún fẹ́ padà sí ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Bí mo bá fọwọ́ pa á lọ báyìí, ó ń tẹ̀ lé mi. Bí mo bá pa á padà, ó ń kọ̀ fún mi. Baálé sọ nǹkan kan fún wa rí lórí àrán nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Mi ò rántí rẹ̀ tán. Jẹ́ kí n dúró kí wọ́n ti mọ́ṣáláṣí dé, kí n bi í."

Bó bá bi Baálé, Baálé yóò fẹ́ wo ìlà tó fà. Bó bá wò ó, yóò bi í pé báwo ló ṣe mọ ọ́n tò. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi jókòó ti ewé ló ru sókè nínú mi, mo ní, "Bí ẹ ò bá fẹ́ dorí apá yìí kodò, ẹ sọ ibi tí ẹ ti fẹ́ rí apá mìíràn fún mi! Ẹ̀yin tí ẹ ò ríran, kí lẹ wá rí lára aṣọ tí èmi tí mo lójú kò rí?"

Ẹyin lohùn. Kó tó kúrò lẹ́nu mi tán ni mo ti fẹ́ gbé e mì padà. Ọkọ mi kò gbójú sókè. Ó gbé ọwọ́ kúrò lára àrán náà, ó gbé e díẹ̀díẹ̀, ó sì mú àlùmọ́gàjí.

Ó ní, "Bísímílà."

Ó ti wí i, n kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Mo di etí aṣọ mú títí ó fi gé e tán. Lẹ́yìn ìyẹn, títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a, kò fi ọ̀rọ̀ yẹn kàn mí lójú rí, lọ́jọ́ ìjà tàbí lọ́jọ́ ẹ̀rín. Ì bá kàn lù mí lọ́jọ́ náà, ara ìbá tù mí.

Wọ́n rán àrán náà nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀. Ẹ̀yìn aṣọ ni aránṣọ ń rí bó bá ń rán, ẹ̀yìn àrán kò sì ní àlọ tàbí àbọ̀. Ẹni tó ṣe ọnà ọrùn kò fọwọ́ kan apá rárá. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, Baálé yẹ ojú ibi tí wọ́n ti rán an wò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn, ó fà á, kò já. Ó wo ìrépé tó kù, kò kún ẹ̀kúnwọ́. Ó pe ọkọ mi, ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti ń ránṣọ nílé yìí, òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ó gbàdúrà fún un. Èmi náà ṣe àmín láti inú ilé.

Àárọ̀ Iléyá, oòrùn ràn. Ẹ wo oòrùn tó fara pa mọ́ láti ọjọ́ mélòó kan! Èmi àti ọkọ mi lọ dúró ní Bẹẹrẹ láàárín èrò, kí a lè rí iṣẹ́ wa. Ìjòyè náà yọ lórí ẹṣin funfun, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn kí i, "Ẹ kú ọdún o, Bàbá!" Ni ó bá na apá méjèèjì sókè láti dá wọn lóhùn. Apá òsì pupa yòò bí epo tuntun. Apá ọ̀tún dúdú bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ.

Obìnrin kan ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo Bàbá o! Ọ̀sán ń bẹ lápá kan, òru ń bẹ lápá kejì!" Ẹlòmíràn ní, "Bóyá aṣọ ni kò tó, tí wọ́n fi yá apá kan." Ìyẹn ló burú jù. Ìjòyè Ìbàdàn tí aṣọ kò tó! Ó bojú wo apá rẹ̀, ó wo èkejì, ó sì ká ọwọ́ méjèèjì padà sí àyà. Títí ẹṣin fi gbé e kọjá, kò tún gbé wọn sókè láti kí ẹnikẹ́ni.

Ọkọ mi fà mí láṣọ. "Kí ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, ìyàwó?"

Èmi ni mo ní láti sọ fún un. Mo ní, "Apá tí mo dorí rẹ̀ kodò ni. Àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti èkejì." Kò bú mi. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa itan ara rẹ̀ lọ, ó pa á bọ̀, ó ní, "Ẹ̀ẹ́n. Irun rẹ̀ ni. Ohun tí Baálé sọ nìyẹn. Mo ti rántí rẹ̀ wàyí."

Kí ẹran àgbò tó jinná, wọ́n ti dá dàńdógó náà padà. Baálé pe gbogbo ọkùnrin ilé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbi tí oòrùn ti ń wọlé, ó na apá méjèèjì rẹ̀ síbẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì ń rí wọn láti ojú ihò ilẹ̀kùn.

"Ta ló dorí apá àrán kodò?" Ọkọ mi ló kọjú sí, kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Ẹni tó bá lo oṣù kan nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ pé àrán ní irun, irun rẹ̀ sì ní ibi tó kọjú sí. Ẹnu mi lo ti gbọ́ ọ. Kí ló ṣe ọ́?"

Gbólóhùn kan péré ni mo ní láti sọ: "Èmi ni, Bàbá. Ó fẹ́ bi yín, èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́." Mo ti gbé e dé orí ahọ́n. Mo wá ń sọ fún ara mi pé bí mo bá sọ ọ́, wọn yóò mọ̀ pé obìnrin ló ń bá a to aṣọ, wọn yóò bi í ní ìdí, ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ yóò sì jáde. Mo ní mò ń dáàbò bò ó ni. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló bà mí. Ẹnu tí mo fi ń jẹ wọ́n níyà láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yẹn, ọjọ́ tí mo nílò rẹ̀ ló kú.

Ọkọ mi ní, "Mo gbàgbé, Bàbá."

"O gbàgbé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Baálé na ọwọ́. "Gbé àlùmọ́gàjí mi wá."

Ọkọ mi yọ ọ́ nínú àpò awọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ Baálé ló gbà kọjá, ó ró gbàgà lórí ilẹ̀. Àbúrò ọkọ mi kan fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú un, Baálé ṣẹ́jú sí i pé kó fi í sílẹ̀.

Baálé tẹjú mọ́ ọkọ mi, ó tẹjú mọ́ ọn títí. Ohùn rẹ̀ wá rọlẹ̀ bí ìgbà tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. "Ìka mélòó ni mo nà sí ọ yìí?"

Ọkọ mi na ọrùn síwájú díẹ̀. "Méjì, Bàbá."

Àtẹ́lẹwọ́ Baálé méjèèjì wà lórí itan rẹ̀. Kò na ìka kankan.

Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo jáde sí àárín wọn. Ọkọ mi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, ó mọ̀ ọ́n. Kò yíjú síbi tí mo wà, ó kàn gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ìyàwó, padà sínú ilé. Ọ̀rọ̀ yìí kò kàn ọ́."

Mo sì padà.